Ẹlẹ́sẹ̀ Ire Ìlú Oníyìnyín

Bí arúgbó kankan bá ṣẹ́ kù ní ìlú tí mo gbé ní Kánádà, tí ẹ sì bi í léèrè ohun tó fà á tí ẹgbẹ́ họ́kì wọn ò fi wọ ìdíje àṣekágbá lọ́dún tí mò ń wí yìí, kò ní í sọ fún yín pé ẹsẹ̀ àwọn eléré wọn ti wúwo, tàbí pé ọtí ti pọ̀ jù nínú wọn. Á ní ọkùnrin adúláwọ̀ kan wà, tí kò wá jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Èmi lọkùnrin náà. Ọmọ Ìlọ́fà ni mí. Mi ò mọ họ́kì gbá, mi ò tilẹ̀ lè dúró lórí yìnyín kí n má ṣubú. Síbẹ̀, ọrùn mi ni wọ́n gbé e kọ́.

Kì í ṣe òtútù ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo débẹ̀. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé èèyàn lè jí, kó bójú, kó jáde, kó pàdé ìlú lójú ọ̀nà, kó má sì rí ẹni tí yóò kí i. Ní tiwa, bí ẹni méjì bá pàdé lọ́nà oko, wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè iṣu tó wà lébè, títí ọ̀kan á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tó ń lọ. Èmi rìn nínú yìnyín láti ilé dé ibi iṣẹ́, mo sì padà, ẹnu mi ò là. Ìgbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara mi. Màá ní, "Ẹ kú àárọ̀ o," màá sì dáhùn pé, "Ẹ kú àárọ̀, ṣé dáadáa la jí?" Mo ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà ni, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Ìwé ni mo bá lọ. Bí ìwé ṣe di igi, ìtàn ọ̀tọ̀ nìyẹn, kò sì dùn. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà ní ìlú náà, ibi tí wọ́n ti ń lọ igi di pépà. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi ọ̀pá onírin gígùn ti àwọn gẹdú tó ń léfòó lórí omi sẹ́nu ẹ̀rọ. Òórùn ibẹ̀ kò ṣeé pa mọ́. Ó wà lára aṣọ, ó wà nínú búrẹ́dì, kódà ó bá mi dé inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ náà ni onílé mi. Nílé, ọmọdé kì í la orúkọ àgbà mọ́lẹ̀, nítorí náà, nínú ọkàn mi, mo sọ ọkọ ní Baba Hẹ́nrì, mo sọ ìyàwó ní Ìyá Hẹ́nrì, nítorí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó sanra, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ni Hẹ́nrì. Ó ń bá wa ti igi láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, òun ni aṣọ́lé fún ẹgbẹ́ họ́kì ìlú.

Kí n sọ eré náà bó ṣe rí lójú mi. Àwọn ọkùnrin á wọ bàtà tó ní irin nídìí, wọ́n á máa sáré lórí yìnyín, wọ́n á máa fi ọ̀pá tó tẹ̀ nídìí lé róbà dúdú pẹlẹbẹ kan kiri. Bí ẹnì kan bá dí wọn lọ́nà, wọ́n á là á mọ́ ògiri. Ẹni tí wọ́n là mọ́ ògiri á dìde, á wá ẹni tó là á mọ́ ògiri lọ. Láàárín rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹ gòólù.

Ọjọ́ tí Hẹ́nrì kọ́kọ́ mú mi lọ, ó ti pẹ́ tí ẹgbẹ́ wọn ti ń fìdí rẹmi. Mo jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn nítorí pé ibẹ̀ ló rọrùn láti sá jáde bí òtútù bá pọ̀ jù. Wọ́n jáwé olúborí. Lọ́sẹ̀ kejì, òtútù dá mi dúbúlẹ̀, mi ò lọ, wọ́n sì pàdánù. Lọ́sẹ̀ kẹta mo padà lọ, wọ́n tún borí. Ní Mọ́ńdè, ọkùnrin kan tí kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nídìí omi, ó fi ọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Rí i pé o wá ní Sátidé o."

Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ń kí nìyẹn. Wọ́n sọ mí ní Lọ́kì, ìyẹn olóríire. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ń pè mí ní Lọ́kì, àwọn ọmọ iléèwé ń pè mí láti òdìkejì títì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ìyá Hẹ́nrì fọ fìlà onírun tí mo máa ń dé lọ síbẹ̀, ẹgbẹ́ sì pàdánù lọ́sẹ̀ náà, ni ọkọ rẹ̀ bá pariwo mọ́ ọn lórí oúnjẹ bí ẹni pé ilé ló tiná bọ̀. Wọn ò fọ fìlà náà mọ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín wọn, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, iyọ̀ àti epo ló ń tà. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kò ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ẹyọ kan kí n tó fẹsẹ̀ kan ìsọ̀ rẹ̀. Á dúró, á máa wo ọ̀nà, á ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ ire, bọ́ síbí." Bí mo bá ti wọlé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọjà sì máa ń tà. Bàbá mi ní ìyàwó kékeré kan tí wọ́n ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò dára. Bó bá ń kọjá láàárọ̀, àwọn obìnrin á gbójú sílẹ̀, wọ́n á ṣe bí ẹni ń wá nǹkan. Kò sẹ́ni tó bú u. Ó ṣáà rí i pé kò sẹ́ni tó ń fẹ́ kí òun kọ́kọ́ wọlé, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Kóro. Mo wà lọ́mọdé, ẹlẹ́sẹ̀ ire ni mí, mi ò ro tirẹ̀ dénú. Kánádà ni mo ti wá ń rò ó.

Nígbà tí adùn orúkọ Lọ́kì yìí ń yọ́ mi lẹ́nu, mo la ẹnu mi fún àwọn èèyàn náà. Mo ní kì í ṣòní, mo ní nílé wa pàápàá ẹsẹ̀ mi dára, ìyá mi kì í tajà láìjẹ́ pé mo wọlé. Inú wọn dùn, wọ́n sọ ọ́ kárí ìlú. Ta ló rán mi? Ẹni tó bá gba ìyìn ẹsẹ̀ ire, òun náà ni wọn yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọjà bá kùtà.

Ọjà sì kùtà. Bí ìgbà òtútù ṣe ń lọ sópin, ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi gòólù kan péré pàdánù. Wọn á gbá, wọn á gbá, róbà á lu irin ilé, kò ní í wọlé. Àwọn èèyàn á bọ́ bàtà òjò wọn, wọ́n á jù ú sórí yìnyín. Àwọn bàbá tó ní ọmọọmọ ń sunkún lójú gbogbo ayé. Tó bá wá di Mọ́ńdè, ilé iṣẹ́ á pa lọ́lọ́, ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ọ̀rọ̀ á dáhùn pẹ̀lú èpè. Ìlú tí kò ní nǹkan míì ni. Igi ni wọ́n ń lọ lójúmọ́, pépà tí wọn ò ní í kà ni wọ́n ń ṣe, eré yìí nìkan ló kù tí ẹlòmíì fi lè gbọ́ orúkọ ìlú wọn. Mo ń káàánú wọn tọkàntọkàn. Àmọ́ mo tún rí i pé wọ́n ti ń bojú wẹ̀yìn wò mí nígbà tí róbà bá lu irin.

Ó wá ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Bí wọ́n bá borí, wọ́n wọ ìdíje àṣekágbá. Bí wọn ò bá borí, ó di ìgbà òtútù míì. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n fi í sí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wáyà ẹ̀gbọ́n mi, ìyẹn tẹligíráàmù, dé láti Èkó, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ó ní Yèyé ti dé ọ̀dọ̀ òun láti Ìlọ́fà, pé dókítà yóò ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Mọ́ńdè, pé ó ní òun ò ní í gorí bẹ́ẹ̀dì wọn láìgbọ́ ohùn mi. Ó ti gba àyè fóònù sílẹ̀. Kí n dúró sídìí fóònù ní ọ̀sán Sọ́ńdè ti Kánádà, nígbà tí ọjọ́ bá ti ṣú ní Èkó. Nígbà náà, fóònù láti Nàìjíríà kì í ṣe ohun tí à ń pè nígbà tó bá wuni. Bí àyè yẹn bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Mo tọ Baba Hẹ́nrì lọ. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, mi ò ní í lè lọ ní Sọ́ńdè. Ìyá mi fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù yín."

Ó gbé kọ́fí rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí? Ṣé kò lè jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni?"

"Kò lè jẹ́ ọjọ́ mìíràn, sà."

"Ṣé ara rẹ̀ kò yá ni?"

Ẹnu mi wà níbẹ̀ tí mo fi lè sọ ọ́. Àmọ́ bí wọ́n ṣe tọ́ wa kọ́ nìyí: a kì í gbé àìsàn ìyá ẹni síta gbangba. Ẹni bá béèrè, ara le, a dúpẹ́. Ìwọ sọ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ẹbí pé wọ́n fẹ́ fi abẹ la inú ìyá rẹ, kí ó sì ṣẹlẹ̀ bí o ṣe sọ ọ́! Ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Ara rẹ̀ le, sà. Ó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó kàn fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ," ó sì dìde kúrò lórí oúnjẹ.

Hẹ́nrì fúnra rẹ̀ wá sí yàrá mi ní Sátidé. Kò jókòó. Ó ní, "Bí a bá wọlé, àwọn tó ń wá eléré láti ìlú ńlá á wá wò mí. Bí a ò bá wọlé, ìdí omi yẹn ni màá wà títí màá fi dà bíi bàbá mi." Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe ìjókòó mi ló ń bá wọn gbá họ́kì. "Àmọ́ bí mo bá rí ẹ níbẹ̀, ọkàn mi á balẹ̀. Ìyẹn nìkan ni."

Mo ní, "Hẹ́nrì, ìyá mi ni."

Ó ní, "Mo mọ̀." Ó rọra fa ilẹ̀kùn pa. Ì bá kúkú pariwo mọ́ mi, ọkàn mi ì bá fúyẹ́.

Ní Sọ́ńdè, gbogbo ìlú gba pápá yìnyín lọ. Èmi àti Ìyá Hẹ́nrì nìkan ló kù nílé, nítorí kò lè wo bí wọ́n ṣe ń lu ọmọ rẹ̀. Ó wà ní kíṣìnì pẹ̀lú rédíò. Mo wà ní pálọ̀ pẹ̀lú fóònù. Ilẹ̀kùn tó wà láàárín wa ṣí sílẹ̀, ohùn ẹni tó ń sọ eré náà ń wọlé wá bá mi, gòólù kan sí kan, gòólù méjì sí méjì. Fóònù ò dún. Mo rò ó pé wọ́n ti gbé Yèyé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ ṣáájú àkókò. Mo rò ó pé wáyà ti já níbì kan lábẹ́ òkun. Nígbà tí ó dún, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, "Má fi àkókò ṣòfò. Yèyé rè é."

"Ọmọ mi!" Yèyé pariwo bí ẹni tó ń pè mí láti òdìkejì odò. "Ṣé uwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Yèyé. Ara ńkọ́?"

"Ara le, a dúpẹ́." Òun náà kò sọ ọ́. "Ṣé ò ń rí uṣu jẹ l'ùlú ọ̀hún?"

"Wọn ò ní iṣu níbí, Yèyé. Ànàmọ́ aláwọ̀ funfun kan ni wọ́n ń jẹ."

"Háà! Ùyà! Ùyà ń jẹ ọmọ mi!" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ikọ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ní kó rọra. "Ṣé ọ́n fẹ́ràn rẹ níbẹ̀?"

Ní kíṣìnì, rédíò ké. Ìyá Hẹ́nrì ní, "Rárá, rárá, rárá," ní ohùn jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ó pa á. Mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo ní, "Wọ́n fẹ́ràn mi, Yèyé. Ẹlẹ́sẹ̀ ire ni wọ́n ń pè mí."

"Mo mọ̀!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ohùn rẹ̀ le padà. "Mo mọ̀ látulé! Gbọ́, ọmọ mi. Ulé tí ọ́n fẹ́ gbé mi wọ̀ lọ́la, uwọ ni kí o kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kàn án fún mi, gẹ́gẹ́ bíi tọjà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Yèyé. Mo ti wọlé. Ẹ máa bọ̀."

Ó dáhùn nǹkan kan, àmọ́ ariwo bí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, lẹ́yìn náà fóònù dákẹ́. Mo dì í mú títí obìnrin kan fi sọ fún mi ní òyìnbó pé ìpè ti parí.

Àwọn ọkùnrin náà dé. Baba Hẹ́nrì jókòó sórí àga láìbọ́ kóòtù, yìnyín ń yọ́ lára bàtà rẹ̀ sórí ẹní tí ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bàtà tẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ sọ̀rọ̀ tán?"

"Ó sọ̀rọ̀ tán, sà."

"Ó dára."

Ètè Hẹ́nrì ti bẹ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí. Ó ní, "Mo rí èyí tó wọlé kẹ́yìn yẹn. Ó ń bọ̀, mo rí i." Ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀. "Mo wá ṣàdédé wo ìjókòó rẹ."

Ní Mọ́ńdè, mo gba títì kan náà lọ síbi iṣẹ́. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ń nu fèrèsé, ó ń nu ún títí mo fi kọjá. Àwọn ọmọ iléèwé dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bú mi. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, mo dé ìdí tábìlì wa, wọ́n ti gbé àga mi kúrò níbẹ̀. Mo jẹun lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo rántí ìyàwó bàbá mi tó lọ sí Kóro, ojú tì mí nítorí rẹ̀, ọkàn mi sì bàjẹ́ gidigidi. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé kò burú, bí Yèyé bá ṣáà ti kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní Túsìdeè ni wọ́n mú wáyà wá bá mi nídìí omi. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà lọ́nà jíjìn: "Yèyé ti sinmi. Ṣe ọkàn gírí. À ń gbé e lọ ilé."

Mo ká a, mo fi í sápò, mo gbé ọ̀pá mi, mo ti igi kan, mo ti òmíràn. Mo ń rò ó pé òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní tiwa, pé ọkọ̀ tó gbé e lè rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà Odò-Ọ̀wá, pé ta ni yóò bọ́ sílẹ̀ tì í. Gbogbo ọmọ Ìlọ́fà tó wà ní Èkó àti Kàdúná ni yóò délé fún ìsìnkú náà. Èmi tí mo ní mo ti wọlé ṣáájú rẹ̀ ni mi ò ní í sí níbẹ̀. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sórí gẹdú nínú òtútù, mo sì ké bí ọmọdé, mi ò lè dá a dúró.

Àwọn ọkùnrin náà dá iṣẹ́ dúró. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ gbá mi lẹ́yìn lọ́jọ́sí ló tún kọ́kọ́ dé. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi. Ó ní, "Ó ti tó, Lọ́kì. Gbogbo wa ló dùn." Òmíràn dé, ó ní, "Ọdún tó ń bọ̀, àwa la máa gbà á." Nígbà náà ni mo mọ ohun tí wọ́n rò pé mò ń sunkún lé lórí.

Wọ́n yí mi ká. Hẹ́nrì jókòó tì mí lórí gẹdú náà, omijé ń bọ́ lójú tirẹ̀ náà. Baba Hẹ́nrì ló dé kẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó le koko nu ojú mi. Ó ní, "Dìde, ọmọkùnrin. Eré ni. Kò sẹ́ni tó kú."

Mo fẹ́ sọ ọ́. Wáyà náà wà lápò mi. Àmọ́ nílé, ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kú kì í dá jókòó, àwọn èèyàn á kún ọ̀dọ̀ rẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n á máa kí i, á máa dáhùn. Mo wo ọwọ́ gbogbo wọn lára mi. Bí mo bá sọ òótọ́, ojú á tì wọ́n, wọ́n á ká ọwọ́ wọn kúrò, mi ò sì ní ẹlòmíì ní gbogbo ilẹ̀ yẹn tó máa gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Mo dá wọn lóhùn ní èdè wa bí a ṣe ń dá ẹni tó wá kíni lóhùn, mo ní, "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run ò ní í jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ gbà á."

Hẹ́nrì bi mí ohun tí mo sọ. Mo ní mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ni.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo dé ìdí tábìlì lọ́sàn-án, àga mi ti padà sáàyè rẹ̀.